Wọ́n Ní Ìlú Ò Lọ́wọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án

Lọ́yà mi ní kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀ títí ẹjọ́ á fi parí, kí n má baà gbàgbé bí ara ṣe ń ṣe mí. Mo bi í pé ṣé lójoojúmọ́ ni. Ó ní lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìyẹn dáa. Èmi Ozella Broadnax, tí mo wa bọ́ọ̀sì ọmọ ilé ìwé ní Marlow Bend títí mo fi fẹ̀yìn tì, ibo ni mo ti fẹ́ rí ọ̀rọ̀ kọ lójoojúmọ́ nípa àtàǹpàkò kan ṣoṣo?

Àtàǹpàkò òsì náà ṣì kú. Mo fi abẹ́rẹ́ gún un láàárọ̀ yìí, àfi bí ẹni gún ìrọ̀rí. Òjò ṣú, kò rọ̀. Ẹyin ti gbówó lórí sí i ní ṣọ́ọ̀bù igun ọ̀nà, mo bá jẹ búrẹ́dì àti bọ́tà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ìrọ̀lẹ́ wísìtì, káàdì tí àwa mẹ́rin máa ń ta. Èmi àti Verdell ọ̀rẹ́ mi dojú kọ Bascombe àti Inez ìyàwó rẹ̀, bí a ṣe máa ń jókòó láti ìgbà tí irun orí wa ṣì dúdú. Ẹ̀yìnkùlé Verdell náà ni, lábẹ́ igi kan náà, nídìí tábìlì tí ọlọ́pàá ti mú mi lọ́dún tó kọjá. Verdell ló ń bá mi pín káàdì báyìí. Bí mo bá fi ọwọ́ òsì mú un, yóò yọ́ bọ́ sílẹ̀ kí n tó mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni jókà mi já bọ́ lónìí, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni Bascombe rí i. Ó ní òun ò yọjú wo nǹkan kan, pé ibi tí Ọlọ́run dá ojú òun sí náà lòun gbé e sí.

Ló bá tún gbé ọ̀rọ̀ àtijọ́ dé. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé mo ní Bọ́sítìn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, àfi Bascombe. Bọ́sítìn ni kí èèyàn jẹ gbogbo ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá inú eré láìku ẹyọ kan, ọdún lè yí po kó má ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nídìí tábìlì wa. Mo ti jẹ mẹ́sàn-án, ó ku mẹ́rin, nígbà tí ọmọkùnrin ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Whitlow wọlé tọ̀ wá, tó ń wá obìnrin kan tó fi mọ́tò wó ọgbà ọlọ́gbà. Kì í ṣe èmi. Ó ní kí n ju ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí n parí eléyìí ná, kò ní pẹ́." Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé mo di nǹkan mú, mo sì kọ̀ láti gbọ́ràn. Káàdì mẹ́rin ni mo dì mú. Ó yí ọwọ́ mi sẹ́yìn, ó ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo bí mo ṣe ń mí nínú mọ́tò wọn ló sì ń fún mi sí i. Nígbà tí wọ́n fi máa mọ̀ pé èmi kọ́, àtàǹpàkò ti lọ.

Bascombe ní, "Pàǹtí ni káàdì mẹ́rin yẹn. Ọlọ́pàá ló gbà ọ́ lọ́wọ́ ìtìjú. Ó yẹ kó o lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlú ni, o wá ń pè wọ́n lẹ́jọ́."

A rẹ́rìn-ín títí Inez fi ń nu ojú. Verdell ní kí Bascombe yáa lọ tún iná ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ ṣe kó tó máa sọ ti ọlọ́pàá, nítorí ojú kan ni mọ́tò náà fi ń ríran lẹ́yìn láti ìgbà ọdún Àjíǹde. Inez ní ìwé ìpè tí kóòtù fi ránṣẹ́ sí i nítorí iná náà, orí rẹ̀ ló ń gbé ife kọfí lé.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Mo lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà mi, Marguerite Pruitt. Ọmọ náà kéré lójú mi, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Adájọ́ ti yọ Whitlow kúrò nínú ẹjọ́ láti oṣù Kẹfà. Ìlú nìkan ló kù níwájú wa. Ìlú ti wá ránṣẹ́ báyìí pé àwọn á fún mi ní nǹkan, bí mo bá lè fọwọ́ sí i pé àwọn ò ṣẹ̀ mí, pé mi ò sì ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ayé.

Mo bi í pé tí mi ò bá gbà ńkọ́.

Ó ní, "Mà, ẹ lè relé lọ́wọ́ òfo. Òfin ò sọ pé kí ìlú jìyà ẹ̀ṣẹ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan. Àfi tá a bá fi hàn pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, pé àṣà wọn ni."

Ohun tí à ń bá wọn fà kò ju báyìí lọ: bí ọlọ́pàá bá ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, ó yẹ kó fi ṣóńṣó ìdí kọ́kọ́rọ́ tẹ ihò kékeré kan lára rẹ̀. Ìyẹn ni títì ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bó bá tẹ̀ ẹ́, irin náà ò ní lè fún mọ́ ẹ lọ́wọ́ ju bó ṣe wà lọ. Ó wà nínú ìwé òfin wọn. Ẹnikẹ́ni ò sì rí wọn kí wọ́n ṣe é rí. Ọ̀gbẹ́ni Haverstick, lọ́yà ìlú, ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí adájọ́ pé ìlú kì í ṣe èèyàn, ìlú ò lọ́wọ́ tó lè fi ṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Verdell nínú mọ́tò, ó ní, "Ọwọ́ wo ló wá fi ń gba owó omi lọ́wọ́ mi lóṣooṣù?"

Mi ò gbà. Ẹ̀rù ń bà mí, mo kọ ọ́ síbí kí n má baà parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, èmi kì í sì í ṣe ẹni tó lè dákẹ́ títí ayé. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá wọ bọ́ọ̀sì mi rí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Pásítọ̀ gbàdúrà fún àtàǹpàkò mi níwájú gbogbo ìjọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwàásù fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, gbogbo ojú ló wò mí bóyá á mì. Kò mì. A jẹ ẹran adìyẹ díndín àti àkàrà òyìnbó Inez lẹ́yìn ìsìn, inú mi sì dùn gan-an láìnídìí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá

Ewé ti ń wọ́. Ọ̀dùnkún wọ́n. Kò sí nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Verdell kò jẹ́ kí n dé fìlà aláwọ̀ àlùkò, ó ní kóòtù ni mò ń lọ, kì í ṣe ìgbéyàwó. Òun fúnra rẹ̀ wá dé ọ̀kan tó ní ìyẹ́.

Ará ìlú mẹ́jọ ni wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà kí wọ́n sì sọ ẹni tó jàre. Ọ̀kan lára wọn ní ọ̀fìnkìn. Obìnrin kan wà lápá ọ̀tún tó ń wo ọwọ́ gbogbo èèyàn, mo sì fura pé ó máa ń ta káàdì.

Pruitt pe àwọn mẹ́ta mìíràn tí irin ti fún lọ́wọ́ bíi tèmi: obìnrin kan tó ń se oúnjẹ nílé ìwé, bàbá kan tó ń kun ilé, àti ọmọkùnrin kan tó gbé ọmọ rẹ̀ wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ tirẹ̀ wẹ́rẹ́. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, Haverstick á dìde, á ní ó bani nínú jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tẹnìkejì, pé èèṣì ni, kì í ṣe àṣà. Ọkùnrin yẹn ò lè sọ gbólóhùn kan láìju ọwọ́. Á tẹ́ ẹ, á ká a, á gbé e sókè, bí ẹni ń lé eṣinṣin lórí ọbẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Èmi ni wọ́n pè. Pruitt ti kìlọ̀ fún mi kí n dáhùn ní ṣókí. Mo gbìyànjú.

Haverstick bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò kàn ju káàdì yẹn sílẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá ní kẹ́ ẹ jù ú?"

Mo ní, "Bọ́sítìn ni mo ní lọ́wọ́, sà."

Obìnrin apá ọ̀tún yẹn mi orí, ó sọ "hẹ̀n-ẹ́n" kó tó rántí ibi tó wà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Adájọ́ wo ìwé rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Haverstick ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní ṣé ẹnikẹ́ni wà tó lè jẹ́rìí sí i pé mo ní in. Mo ní rárá, pé káàdì fọ́n ká sínú koríko nígbà tí wọ́n yí mi lọ́wọ́, mi ò sì rí wọn mọ́. Bascombe tó jókòó lẹ́yìn wúkọ́.

Nígbà tí a dé ìta, mo bi í pé ṣé òtútù ló mú un ni. Ó ní eruku kóòtù ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọjọ́ burúkú. Wọ́n gbé ìwé òfin ọlọ́pàá hàn lójú ògiri, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: ẹ ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nígbà gbogbo. Haverstick ní ohun tí ìlú ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Mo wo ojú àwọn mẹ́jọ náà, mo rí i pé wọ́n ti ń gbà á gbọ́. Pruitt ò wò mí. Mo sunkún nínú mọ́tò Verdell, ó gbé mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dín ẹja, a jẹ ẹja náà nínú bébà pẹ̀lú ata, a ò gbé e dé ilé. Mo rò pé mo ti pàdánù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ṣì ń pa mí.

Ìlú pe Sájẹ́ńtì Moberly, tó ń kọ́ gbogbo ọlọ́pàá tuntun níṣẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó kí mi kó tó jókòó, mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì dùn mí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní àwọn ń kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tì í lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Bó bá jẹ́ pé Haverstick jókòó níbẹ̀ yẹn, èmi ni ǹ bá máa sunkún báyìí. Kò jókòó. Ó fẹ́ kí àwọn mẹ́jọ náà fojú ara wọn rí i pé nǹkan náà ò le. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí Moberly, ó ní, "Sájẹ́ńtì, ẹ fi í sí mi lọ́wọ́, gẹ́lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń fi í sí ará ìlú lọ́wọ́."

Pruitt lè ní kí adájọ́ má gbà. Ó kàn rọra gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Moberly ti irin náà mọ́ ọn lọ́wọ́, kẹ́, kẹ́. Ó ṣe é dáadáa, ó fi ìka kan wò ó bóyá ó fún jù. Lẹ́yìn náà ó ju kọ́kọ́rọ́ sí àpò.

Ẹni tó bá ti ń ta wísìtì láti kékeré, ọwọ́ ló ń wò, kì í wo ojú. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ò kan irin rárá. Verdell tó wà lẹ́yìn mi di èjìká mi mú tó fi dùn mí. Mo fẹ́ dìde. Pruitt fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Haverstick lọ bá àwọn mẹ́jọ náà. Ó ní kí wọ́n wò ó, kò dun òun. Ó gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n lè rí i. Kẹ́. Ó ní ìlú wa kì í ṣe ìlú ìkà. Ó ju ọwọ́ sápá òsì. Kẹ́. A ń gbọ́ ọ, gbogbo kóòtù ń gbọ́ ọ, òun nìkan ni ohùn ara rẹ̀ bo létí. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, Pruitt dìde, ó bẹ adájọ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Haverstick ṣì fi í sọ́wọ́ díẹ̀ sí i, níwọ̀n ìgbà tí kò dùn ún. Kí ni ọkùnrin náà fẹ́ sọ? Ó ní kò burú.

Pruitt wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi Moberly ní àwọn ìbéèrè wẹ́wẹ́, nípa ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nípa yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ni. Haverstick ń dìde pé òun ò fara mọ́ ìbéèrè yìí, kẹ́, òun ò fara mọ́ tọ̀hún náà, kẹ́. Ìka rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó dìde, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Moberly, jọ̀ọ́, wá yọ nǹkan yìí."

Ẹ̀rín bú. Adájọ́ lu tábìlì, ṣùgbọ́n òun náà ti yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti fún débi pé Moberly ní láti jà fún un kó tó ṣí. Gbogbo wa rí ilà pupa lọ́rùn ọwọ́ lọ́yà ìlú.

Pruitt dúró kí gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ó ní, "Sájẹ́ńtì, ṣé ẹ tì í lẹ́ẹ̀kejì?"

Moberly wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Rárá."

"Kí ló dé?"

Ó lè parọ́. Kò pa á. Ó ní, "Mi ò tiẹ̀ rò ó. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí mo sì ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn."

Pruitt ní òun ò ní ìbéèrè mọ́. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́.

Ní ìsinmi ọ̀sán mo bá Haverstick níbi ẹ̀rọ omi, ó ń fẹ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kó fi omi tútù sí i, kó má fi gbígbóná. Ó dúpẹ́. Ó ní, "Màmá, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?" Mo ní bó ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Verdell, ó sọ pé, "Ẹnu àpárò ló pa àpárò," a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lákọ̀tun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n bi àwọn mẹ́jọ náà pé ṣé àṣà ìlú ni. Obìnrin apá ọ̀tún yẹn ló dìde ka ìdáhùn wọn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìlú jẹ̀bi. Kì í ṣe Whitlow nìkan, kì í ṣe èèṣì, ìlú ni. Mo ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì nítorí ó dùn mọ́ mi láti kọ: ìlú jẹ̀bi. Verdell jó láti ẹnu ọ̀nà kóòtù dé orí àtẹ̀gùn, ìyẹ́ fìlà rẹ̀ já, kò padà lọ mú un. Pruitt wá sunkún níkẹyìn, mo sì gbá a mọ́ra bí ọmọ mi. Gbogbo àdúgbò ló wá sílé mi lọ́sàn-án, tàwọn ti ìkòkò ọbẹ̀. Àpá mi ò ká ayọ̀ yìí. Mo fi ọwọ́ òsì bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́.

Mo bi Bascombe pé ní báyìí tí ìlú ti jẹ́wọ́, òun ńkọ́ lórí Bọ́sítìn mi. Ó ní ìlú nìyẹn, òun kì í ṣe ìlú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá

Dókítà ní iṣan àtàǹpàkò náà lè má padà bọ̀ sípò mọ́. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọkàn mi. Ó dùn mí, lẹ́yìn náà mo lọ ra ọ̀dùnkún. Owó rẹ̀ ti wálẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìlú fẹnu kò lónìí: gbogbo ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ tì í lẹ́ẹ̀kejì, kí ó sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu kí ẹni tó mú lè gbọ́. Moberly ni wọ́n ní kó kọ́ wọn. Pruitt ní Moberly fúnra rẹ̀ ló tọrọ iṣẹ́ náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ó ku ọ̀la ká jẹ tòlótòló ọdún Ìdúpẹ́. Òtútù ti lé wa wọlé, ilé ìdáná Verdell la ti ń ta wísìtì báyìí. Inez nìkan ló dé. Ó ní wọ́n ti mú Bascombe láàárọ̀, lórí iná ẹ̀yìn mọ́tò àti gbogbo ìwé ìpè tó ń gbé kọfí lé. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹnu rẹ̀ ò sì í dákẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wọlé nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ máa ṣú. Kò sí ẹni tó kí i. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ rẹ̀ la wò. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè fúnra rẹ̀, ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì lábẹ́ iná. Kò sí ilà kankan lára rẹ̀.

Ó ní ọmọdé kan ló mú òun, kò tíì tó ẹni tó ń fá irùngbọ̀n. Ó ní lẹ́yìn tó ti irin náà tán, òun ti fẹ́ máa bọ́ sínú mọ́tò wọn, àfi bí ọmọ náà ṣe ní, "Ẹ ní sùúrù, sà. Ó kù kí n tì í lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí ìyá kan tó ń ta káàdì ni, wọn ò jẹ́ ká gbádùn mọ́."

Verdell bi í pé kí ló wá sọ fún ọmọ náà.

Bascombe fa àga, ó jókòó. Ó ní, "Mo sọ fún un pé mo mọ ìyá yẹn. Mo ní èmi ni mo kó káàdì rẹ̀ nínú koríko lọ́jọ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Ó wá kọjú sí mi. "O ní in, Ozella. Bọ́sítìn ni."

Mo ní kó tún un sọ kí Inez lè gbọ́. Ó tún un sọ. Inez ní òun ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá, pé inú Bíbélì rẹ̀ ni káàdì mẹ́rin náà wà.

Verdell ti gbogbo káàdì sí iwájú mi, ó ní kí n pín in fúnra mi lónìí. Mo fi ọwọ́ òsì mú un, mo ń fi ọ̀tún pín in. Nígbà tí mo pín in tán tí mo kó tèmi sọ́wọ́ òsì, mẹ́ta yọ́ bọ́, wọ́n ṣí ojú sílẹ̀ lórí tábìlì, jókà wà níbẹ̀. Bascombe gbé ojú sókè, ó ń wo àjà ilé Verdell, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí mo fi ṣà wọ́n tán.